Kí Ló Gbé Ọkọ̀ Dúró? Àgbéyẹ̀wò Ohun Tí Mẹkáníìkì Fi Ń Ṣiṣẹ́ Lábẹ́ Ọkọ̀

Iṣẹ́ méjì ló wà nínú kí ọkọ̀ kúrò nílẹ̀. Èkínní ni kí a gbé e sókè. Èkejì ni kí ó dúró síbẹ̀ títí ẹni tó wọ abẹ́ rẹ̀ yóò fi jáde. Ohun tó ń ṣe èkínní dáadáa lè má wúlò rárá fún èkejì, àmọ́ èkínní nìkan ni ọ̀pọ̀ ọ̀gá ń náwó lé. Ẹ yà sí ọgbà mẹkáníìkì èyíkéyìí láti Mushin títí dé Ìbàdàn, ẹ ó rí jáàkì méjì mẹ́ta, tuntun àti ògbólógbòó, ẹ ó sì wá sítáǹdì tì. Ibi tó yẹ kí sítáǹdì wà, òkúta ló wà níbẹ̀, tàbí búlọ́ọ̀kù, tàbí gégé igi, tàbí ríìmù mélòó kan tí wọ́n tò lérí ara wọn.

Kì í ṣe pé àwọn mẹkáníìkì wa kò mọ ewu. Wọ́n mọ̀ ọ́n jù wá lọ. Ohun tí mo rò ni pé ẹ̀yìn ni wọ́n ti ń bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ náà: irinṣẹ́ ni wọ́n kọ́kọ́ ń wò, wọ́n á wá gbé e sórí ilẹ̀ tí wọ́n bá ní. Ilẹ̀ ló yẹ kí a kọ́kọ́ wò, kí òun sì yan irinṣẹ́ fún wa. Irinṣẹ́ tó jẹ́ ààbò lórí kọnkéré lè di ìyọnu lórí iyanrìn, bẹ́ẹ̀ sì ni iyanrìn àti amọ̀ ló pọ̀ jù nínú ọgbà wa.

Jáàkì ni kí a fi bẹ̀rẹ̀, nítorí òun ni kò sí ọgbà tí kò ní in. Joseph Bramah, ará Ìlú Gẹ̀ẹ́sì kan tí òkìkí rẹ̀ kọ́kọ́ kàn nídìí àgádágodo, ló gba ìwé àṣẹ lórí ẹ̀rọ tó ń fi omi inú ihò tẹ nǹkan pọ̀, lọ́dún 1795. Òfin tí Blaise Pascal ará Faransé ti ṣàlàyé ní ohun tó lé ní ọgọ́rùn-ún ọdún ṣáájú ló lò: omi tí a sé mọ́ inú ihò, bí a bá tì í níbì kan, títì náà yóò dé gbogbo ibi tí omi náà dé. Ní 1851, Richard Dudgeon sọ ọ́ di ohun tí ènìyàn lè gbé kiri ní New York. Láti ìgbà náà, inú jáàkì kò yí padà púpọ̀. Písítìnì kékeré wà tí ọwọ́ ń tẹ̀, ńlá kan wà tí ẹrù jókòó lé, epo wà láàárín wọn, góólì irin kéékèèké ń dá epo náà lọ́nà kó má lè padà, rọ́bà sì ń sé e mọ́. Bí ojú písítìnì ńlá bá fẹ̀ ju ti kékeré lọ ní ìlọ́po mẹ́wàá, agbára ọwọ́ á di ìlọ́po mẹ́wàá, kí a tó ka èrè ọ̀pá gígùn tí a fi ń tẹ̀ ẹ́. Ìdí nìyí tí ọmọọṣẹ́ tí kò tíì hu irùngbọ̀n fi lè dá gbé iwájú Camry sókè.

Àmọ́ ẹ tún wo ohun tó gbé ọkọ̀ náà dúró lẹ́yìn tí ọmọ náà ti sinmi ọwọ́: epo ni, rọ́bà ló sì sé epo. Bí rọ́bà bá ti gbó, bí eruku bá há sábẹ́ góólì irin, bí wọn kò bá yí sukúrù tó ń tú epo sílẹ̀ dé òpin, ọkọ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í wálẹ̀. Nígbà mìíràn á rọra wá, ẹni tó wà lábẹ́ á sì rí i. Nígbà mìíràn kì í rọra wá. Àwọn kan tún ń bu epo búrẹ́kì sínú jáàkì nítorí pé òun ló wà nítòsí. Epo búrẹ́kì tí ọ̀pọ̀ ọkọ̀ ń lò kò bá irú rọ́bà tó sábà máa ń wà nínú jáàkì rẹ́; ṣe ló máa ń mú un wú tí á sì rọ̀, tí kò ní lè sé epo mọ́. Jáàkì náà á ṣiṣẹ́ lónìí, á ṣiṣẹ́ lọ́la, ọjọ́ tó bá kọ iṣẹ́ ni a ó máa sọ pé ayé ló wà nídìí rẹ̀.

Òfin ààbò ibi iṣẹ́ ní Amẹ́ríkà kò fi ọ̀rọ̀ yìí ṣeré: bí ẹrù bá ti gòkè tán, kí a wá nǹkan gbé e dúró lẹ́sẹ̀kan náà. Òfin náà tún ní kí ìwọ̀n tí jáàkì lè gbé wà lára rẹ̀ ní kíkọ tó ṣeé kà, àti pé èyí tí a ń lò lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan ní ojú kan náà, ó kéré tán, kí a máa yẹ̀ ẹ́ wò lóṣù mẹ́fà mẹ́fà. Jáàkì mélòó nínú ọgbà wa ni ọ̀dà kò tíì bo ìwọ̀n ara rẹ̀ mọ́lẹ̀?

Oríṣiríṣi jáàkì ló wà, ọ̀kọ̀ọ̀kan sì ní ibi tí ó ti wúlò. Èyí tó ń bá ọkọ̀ wá, onísukúrù tó ń ṣí tó sì ń pa dé bí àlùmọ́gàjí, kì í jò nítorí pé kò ní epo nínú. Àìlera tirẹ̀ ni pé irin rẹ̀ fẹ́lẹ́, ẹsẹ̀ rẹ̀ sì kéré. Pípààrọ̀ táyà lójú ọ̀nà ni wọ́n ṣe é fún, kò sì gbọdọ̀ kọjá ìyẹn. Jáàkì onígò lágbára ju bó ti rí lójú lọ, ó sì dára lábẹ́ áàsù lọ́rì níbi tí irin ti nípọn tó sì tẹ́jú. Bí a bá gbé e sábẹ́ etí mọ́tò kékeré, orí rẹ̀ tó kéré á máa wá ibi tí á yọ̀ gbà.

Jáàkì onítáyà, èyí tí wọ́n ń wọ́ kiri nílẹ̀, ló gbajúmọ̀ jù lọ, òun gan-an sì ni ilẹ̀ máa ń tú àṣírí rẹ̀. Apá rẹ̀ kì í gòkè ṣánṣán. Bí ó ti ń gòkè, orí rẹ̀ ń tẹ̀ kọ́rọ́, ó sì ń sún mọ́ ara jáàkì. Lórí kọnkéré, kò sí wàhálà: jáàkì á yí táyà irin rẹ̀, á tẹ̀lé ọkọ̀, orí rẹ̀ kò sì ní kúrò níbi tó ti kan irin. Lórí iyanrìn, táyà kékeré yẹn ti rì, kò lè yí mọ́. Nígbà náà, yálà jáàkì á máa fa ọkọ̀ sí ẹ̀gbẹ́, tàbí kí orí rẹ̀ yọ̀ kúrò níbi tí a fi sí. Ọ̀pọ̀ ìgbà tí wọ́n ń sọ pé jáàkì já ọkọ̀ sílẹ̀, jáàkì kò ṣe nǹkan kan. Ilẹ̀ ni kò jẹ́ kó rìn.

Ní Amẹ́ríkà, àjọ NHTSA tó ń rí sí ààbò ọkọ̀ gbé ìròyìn kan jáde ní 2009 lórí àwọn tí ọkọ̀ pa láìjẹ́ pé ó ń rìn lójú ọ̀nà. Nínú rẹ̀, wọ́n ka nǹkan bí 168 ènìyàn lọ́dún kan tí ọkọ̀ já lé lórí nígbà tí wọ́n wà lábẹ́ rẹ̀. Orílẹ̀-èdè tí wọ́n ti ń ta sítáǹdì bí ẹni ta búrẹ́dì nìyẹn.

Sítáǹdì ni ìdáhùn tó rọrùn jù sí ìbéèrè dídúró. Ẹsẹ̀ mẹ́ta tàbí mẹ́rin, òpó láàárín, àgbékà lórí. Kò sí epo, kò sí rọ́bà, irin ló jókòó lórí irin. Oríṣi méjì ló gbòde. Ọ̀kan ní eyín lára òpó rẹ̀, irin kékeré kan á máa há sí eyín náà bí a ti ń fà á sókè. Èkejì ní ihò lára òpó, a ó sì ti ọ̀pá irin bọ inú ihò náà láti ìhà kan jáde sí èkejì. Oníhò ni mo fara mọ́, kì í sì í ṣe nítorí pé ó rẹwà. Ní oníhò, ojú lásán lè rí i pé ọ̀pá ti wọlé. Ní eléyín, inú ni irin tó há náà wà, a kàn gbà pé ó há ni.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ ní Amẹ́ríkà ní 2020 fi èyí hàn. Ilé iṣẹ́ Harbor Freight pe sítáǹdì eléyín tí wọ́n tà lábẹ́ orúkọ Pittsburgh padà, ti tọ́ọ̀nù 3 àti ti tọ́ọ̀nù 6. Irinṣẹ́ tí wọ́n fi ń rọ wọ́n ti gbó, nítorí náà eyín àwọn kan kò jin tó, irin tó yẹ kó há sí i sì lè yọ bí ọkọ̀ bá mì. Àpapọ̀ wọn lé ní mílíọ̀nù kan àti ààbọ̀. Wọ́n fún àwọn ènìyàn ní òmíràn ní ìpààrọ̀. Kò tó oṣù mélòó kan, wọ́n tún pe díẹ̀ lára ìpààrọ̀ náà padà nítorí pé ibi tí wọ́n ti jó o pọ̀ kò dára. Bí irú èyí bá lè ṣẹlẹ̀ níbi tí ìjọba ti ń kọ orúkọ ọjà sílẹ̀, ẹ ro ti ọjà tí kò ní orúkọ, tí ó gba Cotonou tàbí Àpápá wọlé, tí wọ́n lẹ bébà «tọ́ọ̀nù 3» mọ́. Ẹ sì wo bébà yẹn dáadáa: nígbà mìíràn ìwọ̀n tí sítáǹdì méjì jọ lè gbé ni wọ́n kọ, kì í ṣe ti ẹyọ kan.

Wẹ́dà àdúgbò lè ṣe sítáǹdì. Ọ̀pọ̀ ló sì ń ṣe é, tí òmíràn nínú iṣẹ́ wọn nípọn ju ti ilẹ̀ òkèèrè lọ. Àmọ́ ohun mẹ́ta ni mo máa ń wò kí n tó gbà pé ó dára: bóyá ẹsẹ̀ rẹ̀ fẹ̀ tó gíga rẹ̀, bóyá irin yí ẹsẹ̀ náà ká nísàlẹ̀ kó má lè ya, àti bóyá ọ̀pá tó wọ ihò jẹ́ irin gidi, kì í ṣe irin ọ̀pá ilé tí wọ́n gé kù. Èkẹrin ni èyí tí wọ́n sábà máa ń gbàgbé: pẹpẹ irin nísàlẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká ṣírò rẹ̀. Ọkọ̀ tó wúwo tó kílò 1,400, tí ẹ́ńjìnnì rẹ̀ wà níwájú, á gbé nǹkan bí ọgọ́ta nínú ọgọ́rùn-ún ìwọ̀n rẹ̀ sí iwájú, ìyẹn kílò 840. Sítáǹdì kan lábẹ́ ẹ̀gbẹ́ kan gba 420. Bí sítáǹdì náà bá ní ẹsẹ̀ mẹ́rin, tí ọ̀kọ̀ọ̀kan fi sẹ̀ǹtímítà mẹ́ta ní mẹ́ta kan ilẹ̀, ojú tó kan ilẹ̀ lápapọ̀ jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 36 níbùú lóròó. Èyí túmọ̀ sí pé kílò tó lé ní 11 ń tẹ sẹ̀ǹtímítà kọ̀ọ̀kan. Amọ̀ tí òjò ti rọ̀ lé lórí kì í sábà gba kílò kan lórí sẹ̀ǹtímítà kan kí ó tó rì. Ṣùgbọ́n bí a bá gbé sítáǹdì kan náà lé pẹpẹ irin tó nípọn, tó fẹ̀ ní ọgbọ̀n sẹ̀ǹtímítà síhìn-ín sọ́hùn-ún, ilẹ̀ yóò pín ẹrù náà sí sẹ̀ǹtímítà 900, tí ọ̀kọ̀ọ̀kan kò sì ní gbé tó ìdajì kílò. Ọkọ̀ kan náà, sítáǹdì kan náà, àmọ́ ọ̀kan rì, èkejì dúró.

Igi ńkọ́? Mi ò ní bá àwọn tó ń fojú tín-ínrín igi lọ. Igi líle tí wọ́n gé ní onígun mẹ́rin, tí wọ́n tò ní ìbú lé òòró lé ìbú, wà lára ohun tó dára jù láti gbé ọkọ̀ ńlá dúró; àwọn òṣìṣẹ́ pajáwìrì káàkiri ayé ń lò ó. Ó fẹ̀ nísàlẹ̀, kì í yọ̀, bí ẹrù bá sì fẹ́ pọ̀ jù fún un, á kọ́kọ́ máa ké «kẹ́rẹ́kẹ́rẹ́» kí ó tó ya. Ẹni tó wà lábẹ́ á gbọ́. Gégé igi kan ṣoṣo tí wọ́n nà róró kì í ṣe ohun tí mò ń sọ. Ìyẹn fẹ́ ṣubú ni.

Búlọ́ọ̀kù ni kò ní àwíjàre. Búlọ́ọ̀kù oníhò tí a fi ń kọ́lé lè gbé ògiri nítorí pé ìwọ̀n ògiri tẹ́ sórí gbogbo ojú rẹ̀. Bí irin ọkọ̀ bá tẹ̀ ẹ́ lójú kan, ó máa fọ́, kì í sì í kìlọ̀. Pàápàá èyí tí wọ́n fi yanrìn púpọ̀ pò, tí sìmẹ́ǹtì inú rẹ̀ kò ju ohun tí wọ́n fi tan ojú lọ. Ríìmù tí wọ́n tò lérí ara wọn sàn díẹ̀, ṣùgbọ́n ó lè yọ̀. Táyà tí wọ́n tú, tí wọ́n tì sábẹ́ etí ọkọ̀, jẹ́ àṣà tó dára gan-an, bí ó bá jẹ́ alátìlẹ́yìn sítáǹdì. Bí òun nìkan bá wà, ààyè tí ó máa fi sílẹ̀ lè má gba àyà ènìyàn.

Kí jáàkì àti sítáǹdì tó pọ̀, kòtò ni wọ́n ń gbẹ́. Ọgbọ́n inú rẹ̀ ni pé ọkọ̀ kò kúrò nílẹ̀ rárá. Ènìyàn ló wọlẹ̀. Ohun tí kò gòkè kò lè já. Fún títú epo ẹ́ńjìnnì, fún wíwo jíà àti áàsù lọ́rì, kò sí ohun tó tó o, ibi tí wọ́n ti ń tún bọ́ọ̀sì ńlá ṣe nílẹ̀ òkèèrè kò sì tíì jáwọ́ nínú rẹ̀. Àmọ́ ewu tirẹ̀ yàtọ̀. Èéfín pẹtiróòlù wúwo ju afẹ́fẹ́ lọ, nítorí náà inú kòtò ló máa ń kóra jọ sí, iná sì lè mú un láti ara gílóòbù kan ṣoṣo tó fọ́. Èéfín ẹ́ńjìnnì náà ń wọ̀ ọ́. Tí òjò bá dé, kòtò di kànga. Tí ilẹ̀ bá ṣú, ẹni tí kò mọ ọgbà náà á kó sínú rẹ̀. Bí wọn kò bá sì fi búlọ́ọ̀kù àti irin há ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, amọ̀ á máa wó, táyà ọkọ̀ tó wà létí rẹ̀ á sì máa bá a wó.

Ohun tó yà mí lẹ́nu ni pé ràǹpù kò gbajúmọ̀ lọ́dọ̀ mẹkáníìkì bó ti gbajúmọ̀ lọ́dọ̀ àwọn tó ń fọ ọkọ̀. Ibi ìfọkọ̀ púpọ̀ ní ìlú wa ló ní òkè kọnkéré méjì tí ọkọ̀ ń gùn, kí wọ́n lè fi omi lu abẹ́ rẹ̀. Ọkọ̀ dúró lórí táyà rẹ̀, ẹsẹ̀ tí wọ́n ṣe fún un láti ilé iṣẹ́. Kò sí ibi tí jáàkì máa yọ̀ gbà, kò sí eyín irin. Owó rẹ̀ kò tó díẹ̀ nínú owó lífìtì, kò bèèrè iná, kò sì gbó. Ohun tí kò lè ṣe ni iṣẹ́ táyà àti búrẹ́kì. Ìgbésẹ̀ mẹ́ta ló gba ìṣọ́ra: kí wọ́n fi igi há táyà ẹ̀yìn, kí wọ́n fa búrẹ́kì ọwọ́, kí ẹnì kan sì máa darí awakọ̀ nígbà tó bá ń gùn ún.

Lífìtì ni gbogbo ènìyàn ń fojú sùn. Peter Lunati, mẹkáníìkì kan ní Memphis ní Amẹ́ríkà, ló ṣe àkọ́kọ́ irú rẹ̀ fún mọ́tò ní 1925. Àga onígbàjámọ̀ ló ṣí i lójú: wọ́n ń fẹsẹ̀ tẹ nǹkan, àga ń gbé oníbàárà sókè, ó tún ń yí. Òpó kan tí wọ́n rì mọ́lẹ̀ ni tirẹ̀, ọkọ̀ á jókòó sórí rẹ̀, á gòkè, wọ́n á sì lè yí i. Ìdí nìyí tí ilé iṣẹ́ tó dá sílẹ̀ fi ń jẹ́ Rotary títí di òní. Ní 1945, àwọn tó ń ṣe lífìtì kóra jọ ní Amẹ́ríkà, wọ́n dá Automotive Lift Institute sílẹ̀, tó ń ṣètò ìwọ̀n tí lífìtì gbọ́dọ̀ bá mu. Ní Yúróòpù, EN 1493 ni wọ́n ń tẹ̀lé.

Òpó kan ti fẹ́rẹ̀ẹ́ di ìtàn. Olópòó méjì ló gbòde báyìí. Òpó kọ̀ọ̀kan dúró sí ẹ̀gbẹ́ kan ọkọ̀, apá mẹ́rin á na wọ abẹ́ rẹ̀, táyà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin á ṣófo, tí mẹkáníìkì á lè ṣe ohun gbogbo ní ìdúró. Ìdùnnú mẹkáníìkì nìyẹn, pàápàá ẹni tó ti fi ogún ọdún sùn sórí páálí. Gbogbo nǹkan ni wọ́n ń tà ní Ládípọ̀, ọjà ẹ̀yà ara ọkọ̀, àfi egungun ẹ̀yìn.

Lífìtì olópòó méjì kò ní ẹsẹ̀ tirẹ̀, ilẹ̀ ni ẹsẹ̀ rẹ̀. Ohun tó dè é mọ́lẹ̀ ni bọ́ọ̀tì mélòó kan tó wọ inú kọnkéré. Ìwé ìtọ́ni púpọ̀ fún lífìtì tó ń gbé tọ́ọ̀nù mẹ́rin àtààbọ̀ ń bèèrè kọnkéré tó nípọn tó sẹ̀ǹtímítà mẹ́wàá ó kéré tán, tí agbára rẹ̀ tó páùn 3,000 lórí ínṣì onígun mẹ́rin kan, tó sì ti gbẹ dáadáa fún ọjọ́ 28. Ojú ilẹ̀ tí wọ́n kàn fi sìmẹ́ǹtì rẹ́ kò sí nínú ọ̀rọ̀ yìí. Bí ọ̀gá bá fi owó ńlá ra lífìtì, tó wá dè é mọ́ ilẹ̀ tó nípọn ní sẹ̀ǹtímítà mẹ́rin, ó ti fi owó ra ìjàǹbá. Jáàkì ní tirẹ̀ kò lè já ọkọ̀ láti ibi tó ga tó ènìyàn.

Nínú lífìtì náà, ọ̀rọ̀ gbígbé àti dídúró tún yọjú. Epo ló ń gbé e lọ sókè, àmọ́ bí ó ti ń lọ, ẹ ó máa gbọ́ «ká, ká, ká»: irin ìkọ́ ni, tó ń bọ́ sínú àyè rẹ̀ lára òpó. Ẹni tó mọ iṣẹ́ á gbé ọkọ̀ kọjá ibi tó fẹ́ díẹ̀, á wá sọ̀ ọ́ kalẹ̀ kí ó jókòó sórí ìkọ́ náà. Láti ìgbà náà, epo ti bọ́ ẹrù sílẹ̀. Àwọn tó ń kánjú kì í sọ̀ ọ́. Wọ́n ń ṣiṣẹ́ lábẹ́ epo àti wáyà. Àwọn kan tilẹ̀ ti so ìkọ́ náà sókè kó má baà máa dí wọn lọ́wọ́. Ẹni tó bá ra lífìtì tòkunbọ̀ gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ yẹ ibẹ̀ wò, lẹ́yìn náà kó wo wáyà bóyá ó ti ń já lọ́kọ̀ọ̀kan, kó sì wo rọ́bà orí apá bóyá ó ṣì wà. Ti onísukúrù, tí ó wọ́pọ̀ ní Yúróòpù, ní nọ́ọ̀tì ńlá kan tó ń gùn ún àti nọ́ọ̀tì ààbò kan lábẹ́ rẹ̀. Àlàfo tó wà láàárín méjèèjì ni kí a máa wọ̀n. Bí ó bá ti ń dín kù, nọ́ọ̀tì òkè ti ń jẹ nìyẹn.

Iná mànàmáná tún ní tirẹ̀. Bí iná bá lọ, ọkọ̀ tó ti jókòó lórí ìkọ́ kò ní já, ṣùgbọ́n kì í rọrùn láti sọ̀ ọ́ kalẹ̀, torí a gbọ́dọ̀ gbé e sókè díẹ̀ kí ìkọ́ tó lè ṣí. Oníbàárà tó ń kánjú á máa wo ọkọ̀ rẹ̀ lókè títí ẹnì kan yóò fi lọ ra pẹtiróòlù sí jẹnẹrétọ̀.

Èyí tó ní òpó mẹ́rin, tí a ń wa ọkọ̀ gùn bíi ti ràǹpù, kì í yọni lẹ́nu tó bẹ́ẹ̀. Táyà ló gbé ọkọ̀, ẹrù náà sì pín sí ibi mẹ́rin. Fún ibi tí wọ́n ti ń ṣe aláímẹ́ǹtì, òun ni mo máa yàn. Fún bọ́ọ̀sì ńlá, òpó tó ṣeé gbé kiri wà, tí wọ́n ń gbé sí ẹ̀gbẹ́ táyà kọ̀ọ̀kan. Owó rẹ̀ kì í ṣe ti ẹni tó ń ṣiṣẹ́ lábẹ́ igi máńgòrò.

Ibi tí a ti gbé ọkọ̀ ṣe pàtàkì tó ohun tí a fi gbé e. Jíìpù tó ní ṣáàsí rọrùn, irin gígùn méjì ló wà lábẹ́ rẹ̀. Mọ́tò kékeré òde òní kò ní ṣáàsí. Ara rẹ̀ ni egungun rẹ̀, ibi díẹ̀ létí ìsàlẹ̀ sì ni wọ́n fún lágbára láti gba jáàkì. Tòkunbọ̀ kò sì dọ́gba. Èyí tó wá láti àríwá Amẹ́ríkà tàbí Kánádà, níbi tí wọ́n ti ń da iyọ̀ sójú ọ̀nà nígbà yìnyín, lè ti jẹrà lábẹ́ nígbà tí ọ̀dà òkè rẹ̀ ṣì ń dán. Jáàkì á kàn gún etí rẹ̀ wọlé. Bákan náà, bí wọ́n bá sọ ẹ́ńjìnnì kalẹ̀ nígbà tí ọkọ̀ wà lórí lífìtì olópòó méjì, iwájú á fúyẹ́ lójijì, ẹ̀yìn á sì wúwo. Ọkọ̀ tó dúró ṣinṣin láàárọ̀ lè fi ẹ̀yìn ṣubú lọ́sàn-án bí wọn kò bá fi òpó gíga ti ẹ̀yìn rẹ̀. Àti pé kí wọ́n tó wọ abẹ́ ọkọ̀ èyíkéyìí, kí wọ́n fi ọwọ́ méjèèjì mì í. Bí ó bá máa ṣubú, kó ṣubú nígbà tí kò sí ẹnì kan níbẹ̀.

Ta ló tilẹ̀ ń wọ abẹ́ rẹ̀? Ọmọọṣẹ́ ni. Ara rẹ̀ fúyẹ́, kò sì lè sọ fún ọ̀gá pé òun kò wọlé. Ọmọ tó wá kọ́ṣẹ́ ọdún mẹ́rin, tí ìyá rẹ̀ san owó ìkọ́ṣẹ́, kò lóhùn nínú irú ohun tí wọ́n fi gbé ọkọ̀ dúró sórí àyà rẹ̀. Ní Ìlú Gẹ̀ẹ́sì, òfin LOLER ti 1998 ní kí ẹni tó mọ̀ ọ́n máa yẹ ohun ìgbẹ́rù wò lóṣù mẹ́fà mẹ́fà bí ènìyàn bá ń bá a gòkè, lóṣù méjìlá méjìlá bí ẹrù nìkan bá ni. Àwa náà ní òfin: Factories Act ka ibi títún nǹkan ṣe mọ́ ilé iṣẹ́, ó sì fún àwọn aṣàyẹ̀wò ìjọba àpapọ̀ láṣẹ láti wọlé. Èmi kò gbẹ́kẹ̀ lé e. Aṣàyẹ̀wò tí kò dé ilé iṣẹ́ ńlá kò ní dé abẹ́ igi máńgòrò. Ẹgbẹ́ àwọn mẹkáníìkì, NATA, ló sún mọ́ ibẹ̀ jù, nítorí pé wọ́n ń ṣe ìpàdé, wọ́n ń gba owó, ọ̀gá sì ń bẹ̀rù wọn. Bí ẹ̀ka kan bá pinnu pé kò sí ọmọọṣẹ́ tó máa gba fírídọ̀ọ̀mù lọ́dọ̀ ọ̀gá tí kò ní sítáǹdì mẹ́rin, ìyípadà tó máa dé bá wọn á ju ti ìwé òfin lọ.

Ohun tó le jù kì í ṣe irin, ilẹ̀ ni. Ọ̀pọ̀ mẹkáníìkì kò da kọnkéré nítorí pé ilẹ̀ náà kì í ṣe tirẹ̀. Onílẹ̀ lè fẹ́ kọ́lé lọ́dún tó ń bọ̀, ìjọba lè fẹ́ fẹ ọ̀nà, wọ́n sì lè ní kí gbogbo wọn kó lọ sí abúlé mẹkáníìkì tuntun tí kò tíì ní ọ̀nà. Ta ni yóò da sìmẹ́ǹtì ogójì àpò sórí ilẹ̀ tó lè bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀? Nítorí náà, bí ìjọba ìpínlẹ̀ bá tún fẹ́ dá abúlé mẹkáníìkì sílẹ̀, kọnkéré ni kó kọ́kọ́ dà síbẹ̀ kí ó tó kọ́ géètì àti ọ́fíìsì alága.

Kí ìyẹn tó dé, bí ọ̀gá kan bá ní owó díẹ̀ lọ́wọ́, èmi ò ní ní kó lọ ra jáàkì tó tóbi sí i. Kó ra sítáǹdì oníhò mẹ́rin. Lẹ́yìn náà kó lọ bá wẹ́dà, kó ní kí ó gé pẹpẹ irin mẹ́fà fún òun, èyí tó nípọn tó ìka: mẹ́rin fún ẹsẹ̀ sítáǹdì, méjì tó gùn tó mítà kan fún jáàkì onítáyà láti máa yí lórí wọn. Kí ó lu ihò sí etí ọ̀kọ̀ọ̀kan kí okùn lè wọ̀ ọ́. Ọjọ́ tí onílẹ̀ bá ní kó kúrò, á kó gbogbo rẹ̀ sẹ́yìn píkọ́ọ̀pù, á sì tò wọ́n síbi tó ń lọ.